Ọjọ́ Tí Àáró Kàn Mí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra iṣu kan ṣoṣo ní ọjà Ìkẹ́rẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Mo gbé e lọ́wọ́, mo ń yí i wò bí ẹni pé ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó tà á fún mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ má wo uṣu mi báyẹn mọ́. Ẹ gbé e lọ ulé kó tó wọ́n sí i." Mo gbé e lọ. Nígbà tí èmi ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń sáré kiri ìlú yìí láìwọ bàtà, sísì kan la fi ń ra iṣu tó jù ú lọ, ẹni tó tà á yóò sì tún fi kékeré kan ṣe èènì. Bí o bá mú ṣílè mẹ́ta lọ, o ní láti wá ẹni tí yóò bá ọ rù ú. Tọ́rọ́ ni mo ń mú lọ jẹ ẹ̀wà ní ilé ìwé, n óò sì yó títí di ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye owó iṣu ló ń dùn mí jù. Ohun tí mo rò bí mo ti ń lọ sílé ni pé láyé ìgbà yẹn, ohun kan wà tí ọmọdé kì í fi owó rà rárá, ìyẹn ni agbára ẹgbẹ́ rẹ̀. Àáró là ń ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ ọ́n. Bí ẹni mẹ́rin bá ní oko lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò para pọ̀ ṣe ti ẹnìkan ní ọjọ́ kan, wọn yóò ṣe ti ẹlòmíràn ní ọjọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ń ṣe oko rẹ̀ ni yóò bọ́ àwọn yòókù lọ́jọ́ náà. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé, wọn kì í sì í fi ẹlẹ́rìí sí i. Bí mo bá ti kọ ebè fún ọ lónìí, o mọ̀ pé o ó wá kọ tèmi nígbà tó bá kàn mí. Ẹni tó bá ṣe ìkẹyìn kò ní ohun kan lọ́wọ́ ju pé ó fọkàn tán àwọn yòókù lọ.

Èmi ni mo ṣe ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, nítorí èmi náà ní ẹ̀bi níbẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, mo sì ti yege nínú ìdánwò tí yóò gbé mi wọ ilé ìwé girama nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo ń retí, olùkọ́ wa àtijọ́ gbà mí kí n máa bá òun kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ọ̀wúrọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí n lọ ní ọ̀sán. Kòkó bàbá mi rà mọ́ orí igi lọ́dún náà, kò sì sí ohun tí a lè tà. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ kan ó mú mi lọ sí ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Emùré, ó na àdá láti ìhín dé ọ̀hún.

Ó ní, "Irinwó ebè ni ulẹ̀ yìí gbà. Èèbù wà nínú àká mi, n óò fún ọ. Kọ ebè rẹ̀, gbìn ín. Uṣu tó bá ti ibẹ̀ jáde la ó tà tí o ó fi wọ ulé ùwé yẹn. Bó bá wá wà lásán, o ó bá àbúrò mi lọ sí oko kòkó. Mi ò ní tún un sọ."

Kò tún un sọ lóòótọ́. Ó padà sí abà rẹ̀, níbi tó ń gbé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

Irinwó ebè! Ọmọdé tó wà lójú kan tí ó ń wo ilẹ̀ náà, ìgbẹ́ ló ń rí, kò rí ebè kankan. Mo bá mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi. Mẹ́rin ni wá. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan láti ìgbà tí a ti mọ oúnjẹ. Ẹnìkejì ni ọmọ kátíkíìsì, ọmọ tí kì í parọ́ àfi bí ebi bá ń pa á. Ẹnìkẹta jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, tí a kì í jẹ́ kó dúró lápá ọ̀tún ẹnikẹ́ni lóko kí ọkọ́ má baà gbá ọkọ́. Gbogbo wa ló ní ilẹ̀ tí bàbá wa fún wa. A fi ẹnu kò pé ọjọ́ Sátidé ni a ó máa ṣe é, pé tèmi ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Kí àáró tó lè dé oko ẹnìkan, olóko gbọ́dọ̀ ti ṣán ìgbẹ́ rẹ̀, kó ti sun ún, kó sì ti hú gbòǹgbò kúrò. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé n kò lọ. Bí mo bá dé ibẹ̀, n óò jókòó lórí òkúta, n óò pọ́n àdá. N óò wo ilẹ̀ náà, n óò tún àdá pọ́n. N óò ka igi tó wà níbẹ̀, n óò ṣe ìṣírò ọjọ́ tí yóò gbà mí, ìṣírò náà yóò sì rẹ̀ mí ju iṣẹ́ lọ. Bí oòrùn bá ti rọ̀, n óò sọ fún ara mi pé ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, bí mo bá ti ń dé. Kò sí àdá tó mú tó tèmi ní gbogbo Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì gé igi kan ṣoṣo.

Nígbà tí Sátidé àkọ́kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo kọjá sí òdìkejì títì, mo bá ọ̀rẹ́ mi.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún àwọn yẹn pé kí a kọ́kọ́ ṣe tìrẹ. Tèmi kù díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé àdá ni ò mú ni?"

Ó bá mi sọ fún wọn. A ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo kọ ebè jù lọ́jọ́ náà, torí ojú ń tì mí. Kí Sátidé kejì tó dé, mo ti ṣán ìgbẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì sun ún. Mo tún rán ọ̀rẹ́ mi, a ṣe ti ọmọ kátíkíìsì. Kí ẹ̀kẹta tó dé, mo ti sun ún, gbòǹgbò ló kù. Mo tún rán an, a ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ mí ní Ọ̀gá Ọ̀túnla. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. N kò mọ̀ pé orúkọ náà máa ṣiṣẹ́ lára mi.

Nígbà tí Sátidé kẹrin máa fi dé, oko mi mọ́. Mo hú gbòǹgbò rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo sọ fún un pé ó yá. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá Ọ̀túnla di Ọ̀gá Òní!" Ó ní òun á sọ fún àwọn yòókù, kí n má ṣe wàhálà.

Ìyá mi ò fojú kan oorun ní ìdájí Sátidé yẹn. Ó gún iyán fún ẹni mẹ́rin, ó fi ewé di í lọ́kọ̀ọ̀kan, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí òkété wà nínú rẹ̀. Òkété yẹn, ó ti tọ́jú rẹ̀ sórí àjà fún ọjọ́ márùn-ún kí a má jẹ ẹ́. Ó gbé ẹrù náà rù mí, ó ní, "Kí àwọn ọmọ yẹn yó o. Kí wọ́n má lọ wí pé ulé ahun ni ulé wa."

Mo dé oko kí ìrì tó gbẹ. Mo to ewé sábẹ́ igi, mo gbé oúnjẹ sí i. Mo dúró. Ìrì gbẹ. Mo dúró. Mo gun orí òkúta kí n lè rí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àìsàn wá sí mi lọ́kàn, mo ní bóyá ara ọ̀kan nínú wọn kò yá, àwọn yòókù sì ń dúró tì í. Oòrùn gòkè. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ẹ̀rín láti òdìkejì odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Mo mọ ẹ̀rín náà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo la odò kọjá, mo gba àárín kòkó jáde.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ ebè lórí ilẹ̀ tuntun tí bàbá ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Wọ́n ti kọ tó ọgọ́rùn-ún.

Ọlọ́wọ́ òsì ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Háà, Ọ̀gá Ọ̀túnla! O wá ràn wá lọ́wọ́ ni?"

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe oko mi ló kàn lónìí ni?"

Ọmọ kátíkíìsì dìde nàró, ó gbé ọkọ́ sí èjìká, ó wò mí, ó wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ní kí a tún sún un síwájú? Ó ní o tún rán òun sí wa."

Ọ̀rẹ́ mi kò gbé orí sókè. Ó ń kọ ebè lọ. Ó ní, "Ó ti sún un lẹ́ẹ̀mẹta, kí ló ń dùn ún ní ẹ̀kẹrin?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín lóòótọ́, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Ó sì fi kún un pé, "Má bínú, jàre. A ó wá bó bá yá."

Bó bá yá wo? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, èèbù ti ń hù nínú àká, bàbá kálukú sì ti ń pe ọmọ rẹ̀ padà sí oko tirẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìkẹyìn àáró lọ́dún náà, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, òun gan-an ló mọ̀ ọ́n jù. Ohun tó dùn mí jù kò ju pé n kò lè sọ pé irọ́ tó pa kò jọ òótọ́. Irọ́ náà jọ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ẹnu ara mi kọ́ ọ ní bí yóò ṣe pa á. N kò bá wọn jà. Mo yí padà, mo la odò kọjá, mo lọ jókòó ti iyán mẹ́rin.

Ìyá àgbà kan ní oko ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìdálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ bí ọrùn ọkọ́. A kì í sọ̀rọ̀ ju kí n kí i, kí ó dáhùn. Lọ́jọ́ náà ó ti rí mi láti àárọ̀. Ó kọjá wá sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ọmọ mi, àáró rẹ kò dé?"

Mo ní, "Wọn ò wá, mà."

"Oúnjẹ tìyá rẹ sè wá ń kọ́? Ṣé ẹyẹ lo fẹ́ fún?" Ó jókòó láìdúró kí n fún un lésì, ó tú ewé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iyán. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó jẹ orí òkété, ó mu egungun rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ó dáa. Mo ti jẹ oúnjẹ àáró, uṣẹ́ di dandan fún mi." Ó mú ọkọ́ mi, ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilẹ̀ jọ. Bó ti dé ìdajì ebè, ó dúró, ó di ẹ̀yìn mú.

"Ibi tágbára mi mọ nùyẹn. Òkété yẹn kò tóbi." Ó na ọkọ́ sí mi. "Parí rẹ̀ fún mi."

Mo parí rẹ̀. Kò ju kí n fa ilẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ó ti padà sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo wo ebè kan ṣoṣo náà tó dúró lórí ilẹ̀ ńlá yẹn. Mo kọ èyí tó tẹ̀ lé e. Mo kọ ogún kí n tó lọ sílé, inú ń bí mi, omijé ń bọ́ sínú ilẹ̀ tí mo ń fà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbi tí mo dé yìí. Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, ara mi tún wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́rin ló kù. Mo ń ronú pé bí mo bá dé oko, n óò kọ́kọ́ jókòó díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá ìdajì ebè kan lẹ́yìn ogún tí mo kọ. Ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Mo wo òdìkejì, ìyá àgbà ń tu ẹ̀gẹ́, kò wò mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò rí ìdajì ebè tí arúgbó fi ẹ̀yìn tó ń dùn ún kọ tí yóò wá jókòó? Mo mú ọkọ́, mo parí rẹ̀. Bí mo sì ti wà níbẹ̀ tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo kọ ọgbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ń ṣe lójoojúmọ́. Kò bá mi sọ nípa rẹ̀ rí. Èmi náà wá mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ló ń pa mí, pé bí nǹkan bá ti wà ní ìdajì, ọwọ́ mi a máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò pa ìyá àgbà, kò lè wá sóko fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí n tó kúrò lóko ní ìrọ̀lẹ́, èmi fúnra mi ni mo ń fi ìdajì ebè sílẹ̀ de ara mi. Mo kọ irinwó náà pé. Mo gbìn ín, mo fi koríko bo orí rẹ̀. Iṣu jáde. Nígbà tí bàbá mi dé tí ó rí i, ó rìn yí ilẹ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó dáa." N kò lọ sí oko kòkó. Mo wọ ilé ìwé girama ní oṣù kìn-ín-ní, mo sì ti ibẹ̀ dé yunifásítì nígbà tó yá.

Ibi tó yẹ kí ìtàn náà parí sí nìyẹn. Kò parí síbẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì, ìjọ wa ṣe ìdúpẹ́ fún mi. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi dìde. Ó wọ aṣọ funfun. Ó ní òun fẹ́ kí ìjọ mọ̀ pé ọmọ yìí kò dá dé ibi tó dé, pé àwọn mẹ́ta ló fi àáró kọ irinwó ebè fún un, tí ó fi rí iṣu tà, tí ó fi wọ ilé ìwé. Ó ní ohun tí ọ̀rẹ́ ń ṣe fún ọ̀rẹ́ nìyẹn. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Àlùfáà dì mọ́ ọn. Ìyá mi, tó gún iyán ọjọ́ yẹn, ń wò mí bóyá n óò sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà olóko ẹ̀gẹ́ wà ní àga ẹ̀yìn. Òun náà pàtẹ́wọ́.

Mo sọ lọ́kàn mi pé n kò fẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́, pé n óò bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Níta, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá àgbà, mo ní, "Mà, ẹ gbọ́ ohun tó wí?" Ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Jẹ́ kó máa wí. Ìwọ sáà lọ ulé ùwé rẹ." Mo lọ. Kí n tó parí ọdún kejì, wọ́n ti sin ín. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló bá mi bẹ̀rẹ̀ ebè yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ̀rẹ́ mi sọ, mo sún un sí ìgbà tí mo bá gba oyè. Mo sún un sí ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Mo sún un sí ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì tí mo padà wálé. A ń jókòó pọ̀ lójú pópó ní ìrọ̀lẹ́, a jọ ń gbọ́ rédíò, ó ń béèrè àwọn ọmọ mi, ó sì dára sí mi ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ìyẹn ni kò jẹ́ kó rọrùn. Mo mọ irinwó ebè í bẹ̀rẹ̀, n kò mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo: kí ló dé tí o fi ṣe é? Bí ó bá dá mi lóhùn pé nítorí ilẹ̀ tuntun lásán ni, mà á ti gbà á. Bí ó bá sọ pé inú ń bí òun pé èmi ni mo yege, mà á gba ìyẹn náà.

Ó kú ní èṣí. Nígbà tí mo lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi gbọọrọ. Èyí àgbà wọn dìde, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá, bàbá wa kì í yéé sọ bí àwọn ṣe kọ ebè fún yín tí ẹ fi di ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ń fi kọ́ wa ní ìfẹ́." Ojú rẹ̀ mọ́ bí ó ti ń sọ ọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n wí? Mo ní, "Ọlọ́run á tù yín nínú."

Kò sí àáró mọ́ báyìí. Àwọn géńdé tí ì bá ṣe é wà lórí ọ̀kadà láti àárọ̀ dálẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ebè yóò pe lébìrà, yóò sanwó kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Bí ẹnìkan kò bá wá, wọn yóò pè é lórí fóònù, wọn yóò bú u, ó tán. Èmi kò mọ̀ bóyá ó sàn ju tiwa lọ. Mo mọ̀ pé kò lè dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò fọkàn tán ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ bàbá mi ní ọ̀nà Emùré ti di ilé epo. Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́, mo rí i pé wọ́n ti da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀.

Bàbá mi ti lọ, ìyá mi ti lọ. Ìyá àgbà olóko ẹ̀gẹ́ lọ ṣáájú àwọn méjèèjì. Ọmọ kátíkíìsì kú sí òkè Ọya nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọn kò gbé òkú rẹ̀ wálé. Ọ̀rẹ́ mi lọ ní èṣí. Ọlọ́wọ́ òsì ṣì wà láàyè, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Emùré, etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìsìnkú náà, mo tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, mo bi í léèrè Sátidé yẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ṣebí a wá?"

Òun ló kù, àti èmi.